Ìrọ̀lẹ́ Kan Nídìí Àwọ̀n ní Àgbádárìgì

Okùn àwọ̀n tó bá wà nínú òkun máa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń dì í mú fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní mọ nǹkan kan ju pé ó wúwo lọ. Bí ó bá fi wákàtí kan dúró tì í, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ bóyá àwọ̀n há mọ́ nǹkan nísàlẹ̀, bóyá ìgbì ló ń jà á gbà, bóyá ẹja ti ń ta nínú rẹ̀. Bàbá tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí kò wo omi lẹ́ẹ̀mejì. Ó di okùn mú, ó dojú kọ igi àgbọn, ó kẹ̀yìn sí òkun, ó sì ń sọ fún wa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Ó ti kúrò lórí ebè," ni ó wí. Òkè iyanrìn tó wà lábẹ́ omi ni ó ń pè ní ebè, bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá ń sọ nípa oko rẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún ni, ìgbà tí òjò máa ń dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, tí atẹ́gùn á tutù, tí ìkuukùu á sì bo oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì, a sì kọjá sí erékùṣù Gbẹ́rẹ́fú. Kò pẹ́ tí a fi gúnlẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni a fi rìn, lórí iyanrìn, láàrin igi àgbọn, tí a sì gbọ́ ohùn òkun kí a tó fojú kàn án. Ọ̀nà yìí ni àwọn olówò ẹrú gbà kó àwọn ènìyàn wa lọ sí ìdí ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sí Bùràsíìlì. Àwọn àlejò máa ń wá wo ojú ọ̀nà náà, wọ́n á dúró ti ohun ìrántí tí wọ́n mọ sí òpin rẹ̀ létí òkun, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì padà. Ó tọ́ kí wọ́n wá. Ìbá dára bí wọ́n bá tún rìn síwájú díẹ̀ létí omi, kí wọ́n rí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí àti iṣẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́ ọmọ.

Nígbà tí mo dé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù. Àwọn bí ọgbọ̀n ènìyàn ti wà nílẹ̀: àwọn géńdé, àwọn àgbàlagbà mélòó kan, àwọn ọmọ iléèwé, àti àwọn obìnrin tó jókòó ti bàsíà wọn lábẹ́ igi. Mo kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n dáhùn ní Ègùn, ẹnì kan sì tún un sọ fún mi ní Yorùbá. Ọkọ̀ wà létí omi, àwọ̀n wà nínú rẹ̀ gègèrè bí òkìtì. Kò sí ẹni tó yára. Gbogbo wọn ń wo ìgbì.

Etí òkun wa kò ní ibi tí ọkọ̀ lè sá sí. Láti Kútọnu dé Èkó, iyanrìn ni gbogbo rẹ̀, ó tẹ́ gbọọrọ bí okùn tí wọ́n nà, kò sí àpáta tàbí erékùṣù kan tó lè gba ìgbì mọ́ ọn lára. Ìgbì tó ń fọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ti atẹ́gùn ọjọ́ náà nìkan. Ìjì tó jà ní ìsàlẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ló bí púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti rìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kí wọ́n tó dé ẹsẹ̀ wa. Ọ̀wọ̀ọ́wọ́ ni wọ́n ń wá. Àwọn ńláńlá á tẹ̀ lé ara wọn, lẹ́yìn náà omi á rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ fi ń jáde. Bí ọlọ́kọ̀ bá ṣì í kà, ìgbì á gbá ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, á dà á dé, igi tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ sì lè pa ènìyàn nínú omi tí kò ju ìbàdí lọ.

Ọlọ́kọ̀ wa dúró sí iwájú ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè. Ó jẹ́ kí mẹ́rin kọjá. Ó jẹ́ kí ìkarùn-ún kọjá. Lójijì ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, gbogbo ènìyàn pariwo, a sì ti ọkọ̀ wọ omi. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ fi àjẹ̀ wa omi kíkankíkan títí wọ́n fi bọ́ sí ẹ̀yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi di kékeré.

Ìmọ̀ iṣẹ́ náà wà nínú bí wọ́n ṣe ń ju àwọ̀n. Wọ́n fi orí okùn kan sílẹ̀ fún wa létí omi. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, okùn ń tú jáde nínú rẹ̀. Nígbà tó parí, ó kan apá àwọ̀n, lẹ́yìn náà ó kan àpò tó wà láàrin, níbi tí ojú àwọ̀n ti kéré jù, lẹ́yìn náà apá kejì. Ọkọ̀ yí po bí ìlàjì òṣùpá, ó sì mú okùn kejì wá sílẹ̀ lọ́nà jíjìn sí wa, ní ìhà ìlà-oòrùn. Òjé fa ìsàlẹ̀ àwọ̀n mọ́ ilẹ̀, àwọn ohun tó ń léfòó gbé etí rẹ̀ sókè, ó sì di ògiri tí ẹja kò rí. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ di ti ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn. Ọ̀wọ́ méjì ni a pín sí, ọ̀kan nídìí okùn kọ̀ọ̀kan. A ó máa fà, a ó sì máa sún mọ́ ara wa díẹ̀díẹ̀ títí àpò yóò fi dé iyanrìn.

Mo ti rò pé apá ni ènìyàn fi ń fa àwọ̀n. Wákàtí kan àkọ́kọ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n. Apá di okùn mú lásán ni, ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. A fi gìgísẹ̀ gbẹ́ iyanrìn, a fi ara lé ẹ̀yìn, a gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí ẹni tó ń lu agogo bá lù ú. Ẹni tó bá dé ẹ̀yìn pátápátá á jọ̀wọ́ okùn, á rìn wá sí iwájú létí omi, á tún dì í mú níbẹ̀. Ọmọdé méjì ń ká okùn tó ti wọlé jọ bí ẹní. Bí ìgbì bá ń bọ̀, a kì í bá a jà. A dúró, a di ohun tí a ti rí gbà mú, a sì fà nígbà tí omi bá fẹ́ padà. Àwọn kan ń lé orin ní Ègùn, a sì ń gbè é. Èmi tí n kò gbọ́ èdè náà gbè é pẹ̀lú wọn, nítorí ẹni tí kò bá gbè é kò ní mọ ìgbà tí yóò gbé ẹsẹ̀.

Ohun kan tó yà mí lẹ́nu ni pé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni a wà mọ́. Mo fi igi àgbọn kan tó tẹ̀ ṣe àmì nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo tún gbójú sókè, igi náà ti wà lápá ọ̀tún mi lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ òkun ni a kọ ojú sí nígbà yẹn. Omi ń gbé àwọ̀n lọ sí ìlà-oòrùn, àwa náà ń tẹ̀ lé e. Mo bi bàbá náà.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Bàbá?"

"Bó ṣe rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Omi ń lọ sí Èkó. Àwọ̀n ń lọ sí Èkó. Iyanrìn tí ẹ dúró lé yìí náà ń lọ sí Èkó."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìgbì tó ń ti ìwọ̀-oòrùn gúúsù fi ẹ̀gbẹ́ gbá etí òkun wa, ó sì ń kó iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn láìdáwọ́ dúró. Àwọn onímọ̀ ka etí òkun yìí, láti Gánà dé Èkó, mọ́ àwọn ibi tí ìgbì ti ń kó iyanrìn rìn jùlọ láyé. Odò Volta wà lára àwọn tó ń bọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1965, wọ́n sé odò náà ní Akosombo fún iná mànàmáná, púpọ̀ nínú iyanrìn rẹ̀ sì há sẹ́yìn ìdídò. Láàrin ọdún 1960 àti 1970, Lomé àti Kútọnu kọ́ èbúté ńlá, wọ́n ti òkúta wọ inú òkun. Iyanrìn kó jọ sí ìwọ̀-oòrùn òkúta náà, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Èkó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn: láti nǹkan bí ọdún 1908 ni àwọn òyìnbó ti ń to òkúta sí ẹnu ọ̀sà kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn, níbi Lighthouse Beach, gba iyanrìn títí ó fi fẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni Bar Beach, tí òkun jẹ títí tí ìjọba fi ń da iyanrìn síbẹ̀ léraléra. Ìlú tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic, tó wà lẹ́yìn ògiri òkúta lónìí, orí ilẹ̀ tí wọ́n gbà padà lọ́wọ́ òkun níbẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí gùn nítorí pé ó kan okùn tó wà lọ́wọ́ wa. Àwọ̀n fífà kò lè ṣẹlẹ̀ láìsí iyanrìn gbígbòòrò tó ṣí sílẹ̀. Apẹja tó ń lo ọkọ̀ lásán lè gúnlẹ̀ sí ibi tóóró kan, ṣùgbọ́n olókùn nílò ibi tí ọgbọ̀n ènìyàn lè rìn sẹ́yìn, àti ibi tí wọ́n lè máa sún lọ bí omi bá ṣe ń gbé wọn lọ. Iyanrìn yẹn ni oko wọn. Kò sí ìwé ilẹ̀ kankan tó dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ewu wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọ̀n yìí fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Àwọn Éwé tí wọ́n wà ní ìhà Keta, ní orílẹ̀-èdè Gánà, ni àgbà iṣẹ́ náà ní etí òkun wa. Ní èdè wọn, yevudor ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àwọ̀n òyìnbó, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni irú àwọ̀n ńlá bẹ́ẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilẹ̀ wọn tóóró láàrin ọ̀sà àti òkun, òkun sì ti jẹ púpọ̀ nínú ìlú Keta gan-an. Wọ́n gbé àwọ̀n, ìyàwó àti ọmọ, wọ́n sì tọ etí òkun wá sí Tógò, Bìní-Kútọnu, títí dé Àgbádárìgì. Àwọn kan padà sílé. Àwọn mìíràn fẹ́ ìyàwó láàrin àwọn Ègùn, wọ́n bímọ, ọmọ wọn sì di ọmọ ibí. Láti ìhà kejì ni àwọn Ìlàjẹ ti ń bọ̀ wá sí etí òkun Èkó, pẹ̀lú ọkọ̀ àti ọgbọ́n tiwọn. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ààlà orílẹ̀-èdè, ó yẹ kí a rántí pé àwọn apẹja ti ń kọjá níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi okùn dí ọ̀nà ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀.

Ní nǹkan bí aago méje, oòrùn wọ̀ sẹ́yìn igi àgbọn. Ọ̀wọ́ méjèèjì kò jìnnà síra mọ́. Àwọn ẹyẹ òkun funfun ti ń fò yí ojú kan ká nínú omi, àwọn obìnrin sì ti dìde. Agogo yára. Ẹnì kan kígbe pé kí a má ṣe jẹ́ kí ìsàlẹ̀ gbé sókè, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹja máa ń gbà sá lọ nígbà ìkẹyìn. Àwọn géńdé mẹ́fà wọ inú omi dé àyà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ okùn òjé mọ́lẹ̀. Mo rí omi tó ń hó níwájú wọn, mo rò pé ìgbì ni. Ẹja ni.

Àpò náà bọ́ sórí iyanrìn, ó sì ń mí. Ṣáwá ló pọ̀ jù, nítorí àkókò tí omi bá tutù ni wọ́n máa ń sún mọ́ ilẹ̀. Àwọn ẹja pẹlẹbẹ kan wà tó ń dán bí páànù tuntun, àwọn kan gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbànú fàdákà, kúta méjì pẹ̀lú eyín wọn, apò mélòó kan, akàn, edé, àti àwọn ohun jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ tó rí bí ẹ̀kọ tútù, tó ń ta ènìyàn lára bí èsìsì. Ọ̀rá omi àti ike pọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọdé ń ṣà wọ́n jù sẹ́yìn láìsọ̀rọ̀, bí ẹni ń gbọ̀n eruku kúrò nínú aṣọ.

Nígbà tí wọ́n tú ẹja jáde, inú mi dùn, ọkàn mi sì bàjẹ́ pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú ohun tó ń ta pútúpútú níwájú mi kò tó ìka ọwọ́ mi. Ọmọ apò wà níbẹ̀ tí ì bá tó ẹsẹ̀ bàtà kan bí a bá fún un ní àkókò. Ojú àpò àwọ̀n ti kéré jù. Mo sọ fún ẹni tó ni àwọ̀n, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ nítorí pé ó jù mí lọ. Kò bínú. Ó ní òun mọ̀. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọmọdé, àwọ̀n tí ojú rẹ̀ tóbi ni bàbá òun ń lò, ó sì ń kún. Ó nawọ́ sí iná mẹ́ta tó ti ń tàn nínú òkun, ó sì ní kí n lọ bá àwọn yẹn sọ̀rọ̀ ná.

Mo mọ ohun tó ń wí. Òfin ìpẹja òkun ti ọdún 1992 sọ pé ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láàrin máìlì òkun márùn-ún sí etí ilẹ̀. Máìlì márùn-ún yẹn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn apẹja kéékèèké, ibẹ̀ sì ni ẹja ti ń dàgbà. Mi ò lè fi ojú lásán wọn bí iná wọ̀nyẹn ṣe jìnnà tó, nítorí náà n kò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn apẹja ń sọ láti Àgbádárìgì dé ilẹ̀ Ìlàjẹ bára mu: ọkọ̀ wọ̀nyí ń wọlé lálẹ́, wọ́n sì ń fa àwọ̀n àwọn ya. Kí a tó lè bá olókùn wí nítorí ojú àwọ̀n rẹ̀, ó yẹ kí òfin náà ní ojú tó ń ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kí a bá a wí, nítorí pé ẹ̀bi rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ ẹja tí a pa lónìí kò ní bímọ fún ẹnikẹ́ni.

Wàhálà mìíràn wà tí àwọn apẹja kò fọwọ́ fà. Láti ọdún 2011 ni koríko òkun kan, tó pupa rúsúrúsú, ti ń gbá wá sí etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìgbà dé ìgbà. Ní ọdún tó bá pọ̀, àwọ̀n á kún fún un títí okùn á fi fẹ́ já, ẹja kò sì ní sí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ odindi lè kọjá tí wọn kò ní lè ju àwọ̀n.

Ìpín ẹja kò pẹ́. Ẹni tó ni àwọ̀n mú tirẹ̀ kúrò, nítorí òun ló ra àwọ̀n, ọkọ̀, ẹ̀rọ àti epo. Àwọn tó fà á pín ìyókù. Àwọn ìyá ti sọ̀rọ̀ owó kí ẹja tó dẹ́kun títa. Ìyá kan gbé iye kan kalẹ̀, àwọn géńdé pariwo pé rárá, ìyá náà gbé bàsíà rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ, wọ́n pè é padà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣáwá náà á ti wà lórí ààrò, èéfín á ti wọ̀ ọ́, á sì ti múra ọjà. Iṣẹ́ tiwọn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí tiwa parí. Mo rò pé a kì í yìn wọ́n tó, nítorí láìsí ààrò wọn, ìdajì ẹja náà ì bá ti bàjẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan okùn kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n bu ẹja méje fún mi nínú ọ̀rá dúdú kan. Ọmọkùnrin kan tó kéré jù láti fà, tó kàn ń ká okùn, gba márùn-ún, ó sì sáré lọ sílé.

Nígbà tí àwọn tó pọ̀ ti lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti wà níwájú mi nídìí okùn wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì lọ. Omi ń kún. Ẹ jẹ́ ká ju ìwọ̀." Okùn ọ̀rá ni ó wé mọ́ ike omi kan, òjé kékeré wà lẹ́nu rẹ̀, ìwọ̀ méjì sì wà lókè òjé náà. Ó fi edé tó ti inú àwọ̀n jáde ṣe ìjẹ. Ó ju òjé náà yí orí rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. A kò rí ibi tó bọ́ sí nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Láàrin ebè tó wà lábẹ́ omi àti ẹsẹ̀ wa ni kòtò kan wà, ó ní ibẹ̀ ni apò máa ń wá jẹun lálẹ́ bí omi bá ń kún. Omi wa kì í kún púpọ̀, kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n yẹn tó fún ẹja láti gun ebè kọjá.

A fi ìka kan ti okùn náà, a sì dákẹ́. Lẹ́yìn ariwo ọ̀sán, ìdákẹ́jẹ́ yẹn wọ̀ mí lára. Ohun àkọ́kọ́ tó jẹ ìjẹ ni ọ̀bọ̀kún kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kìlọ̀ fún mi kí n má fọwọ́ kàn án, nítorí pé ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ní oró. Ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́, ó sì yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìkejì fa okùn náà gìrìgìrì, ó sinmi, ó tún fà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé okùn lé mi lọ́wọ́ pé kí n fà á wá. Apò ni, ó tó ọwọ́ àti ìdajì, nígbà tó sì dé orí iyanrìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú, bí ẹni tó ń fi ìka lu ìlù kékeré kan. Apò máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti jẹ ẹja yìí láti kékeré, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ fún mi pé àwọn kan ti wá wọn ilẹ̀ níwájú ibi tí àwọn ti ń fa àwọ̀n. Ó tọ́ka sí òpó kọnkéré méjì nínú òkùnkùn. Kò mọ ẹni tó rà á. Ọ̀rọ̀ náà rán mi létí àwọn ibòmíràn. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní Tarkwa Bay, lẹ́nu ọ̀sà Èkó. Ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, èbúté ńlá àti ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì tí wọ́n ṣí ní ọdún 2023 wà níbi tí àwọn apẹja ti ń gúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi kò lòdì sí èbúté, n kò sì lòdì sí ilé ìgbafẹ́. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò fẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ létí òkun, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ẹ mọ ọgbà yín sẹ́yìn. Ẹ fi iyanrìn tó wà láàrin ọgbà àti omi sílẹ̀ ní gbọọrọ, láìsí òpó, láìsí ògiri, nítorí àwọn olókùn ń fi ẹ̀yìn rìn níbẹ̀, wọn kò sì lè rí ohun tó wà lẹ́yìn wọn.